Èròńgbà Tí Kò Lè Sọ Pé "Rárá"

Lẹ́tà púpọ̀ ló wọlé lóṣù yìí láti Àkúrẹ́, Oǹdó àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Márùn-ún la mú nínú wọn. Ẹnu iṣẹ́ àwọn tó kọ wọ́n yàtọ̀ síra, àmọ́ ibì kan náà ni bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀: kí ni ẹgbẹ́, ilé-ìwé tàbí òwò kan torí ẹ̀ wà, yàtọ̀ sí owó tó ń wọlé? Báwo sì ni olórí ṣe máa ṣe é tí àwọn tó ń tẹ̀ lé e á fi mọ̀ ọ́n, tí wọ́n á sì máa fi ṣiṣẹ́? A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò kan nítòsí Ọjà Ọba. Àwa mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Lọ́dún méjì àkọ́kọ́, ìpàdé máa ń kún fọ́fọ́. Ní báyìí, ẹni tí ẹ̀yáwó bá kàn ló ń yọjú. Bó bá ti gbowó tán, ó dìgbà. Alága wa ní ká kọ èròńgbà ẹgbẹ́, ká tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà. Ṣé kàlẹ́ńdà ló máa kó wọn wá sípàdé? — Akọ̀wé, Àkúrẹ́

Kàlẹ́ńdà kò ní í kó ẹnikẹ́ni wá, ṣùgbọ́n alága yín kò ṣìnà pátápátá. Ohun tó ń ṣe ẹgbẹ́ yín ni pé owó nìkan ló kù tó so yín pọ̀, owó sì wà níbi púpọ̀. Ó wà lọ́wọ́ alájọ, ó wà ní báńkì, ó ti wà lórí fóònù pàápàá. Bó bá jẹ́ owó nìkan ni ọmọ ẹgbẹ́ ń wá, ibi tó bá ti tètè rí i ni yóò gbà lọ.

Ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé ẹ̀yáwó oṣù méjìlá tó kọjá. Ẹ fa ìlà sójú ewé kan, kẹ́ ẹ pín gbogbo owó tó jáde sọ́nà mẹ́rin: èyí tó wọnú ọjà, èyí tó wọnú owó ilé-ìwé ọmọ, èyí tó wọnú ìtọ́jú aláìsàn, èyí tó wọnú ayẹyẹ àti aṣọ ẹbí. Ẹ má wo ohun tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù o. Ẹ wádìí ohun tí owó náà ṣe gan-an. Àwọn onígbọ̀wọ́ mọ̀ ọ́n. Ojú ewé yẹn ni èròńgbà tí ẹgbẹ́ yín ní lónìí, bẹ́ ẹ fẹ́ bẹ́ ẹ kọ̀. Bí ìdajì owó náà bá wọnú ayẹyẹ, ẹgbẹ́ ayẹyẹ lẹ̀ ń ṣe, orúkọ yòówù kó wà lára ìwé yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bá ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, márùn-ún nínú àwọn tó ń wá, márùn-ún nínú àwọn tí kì í wá mọ́. Ẹ lọ bá wọn ní ìsọ̀ wọn ni o. Nípàdé, ohun tí alága fẹ́ gbọ́ ni wọ́n máa sọ. Ní ìsọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ká ọjà wọlé nírọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ òótọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ti tó. Oṣù wo lọ́dún ni ọjà yín máa ń fẹ́ kú? Kí ló ń fà á? Bí ẹgbẹ́ yìí bá tú lọ́la, kí ni ẹ máa ṣàárò?

Ìgbà náà lẹ tó wá jókòó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo, kó má ju ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ lọ. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí ẹgbẹ́ wà fún, kó sọ ohun tí yóò yàtọ̀ láyé onítọ̀hún, kó sì sọ ohun tí ẹ kò ní í ṣe nítorí rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ: "Ẹgbẹ́ yìí wà kí ọjà ọmọ ẹgbẹ́ kankan má bàa kú láàárín oṣù tí ọjà kì í tà, nítorí náà a kì í yá owó ayẹyẹ." Apá tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń yọ kúrò, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn gbà láìjanpata kò tíì pinnu nǹkan kan.

Àwọn 28 tó dá ṣọ́ọ̀bù aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1844, mọ èyí dáadáa. Pọ́ùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dá, wọ́n sì ní oúnjẹ tí kò ní àdàlù, ìwọ̀n tó pé, làwọn máa tà. Wọn kò tà láwìn rárá, bẹ́ẹ̀ àwìn ni ọlọ́jà fi ń fa oníbàárà nígbà náà. Ìdí ni pé àwìn gan-an ló so àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ọlọ́jà tó ń rẹ́ wọn jẹ. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló tàn kálẹ̀ ayé, tí òfin aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fi dé Nàìjíríà ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kókó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dì í mú nílẹ̀ wa.

Bí gbólóhùn bá ti wà, ẹ gbé e lọ síbi tí ọwọ́ ti ń kàn án. Ẹ fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó: "Ọjà wo, ìgbà wo ni yóò tà?" Bó bá ṣeé ṣe, ẹ san owó náà tààrà fún ẹni tó ń kó ọjà fún un. Nínú ìwé ìpàdé, ẹ ya òpó kan sọ́tọ̀ fún ohun tí owó ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nípàdé kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ ẹgbẹ́ kan dìde, kó sọ iye tó yá, ọjà tó fi rà, iye tó kù sí i lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn máa ń wá gbọ́ ọgbọ́n ọjà ju bí wọ́n ṣe ń wá gbọ́ àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá lọ.

Níbo ló ti máa ń bàjẹ́? Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ni, kì í sì í pẹ́. Àna alága yóò ṣòkú, yóò wá yáwó, wọn ó ní "ti èyí yàtọ̀". Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ dí ọ̀nà ìyẹn ṣáájú: ẹ dá àpò ìrànwọ́ kékeré kan sọ́tọ̀, kó jẹ́ ẹ̀bùn, kó má jẹ́ ẹ̀yáwó. Bí kálukú bá dá ₦200 lóṣù, àwọn 64 yóò ní ₦12,800 lóṣù, ₦153,600 lọ́dún. Ẹ pinnu iye tí olókùú yóò gbà, kó jẹ́ iye kan náà fún alága àti fún ọmọ ẹgbẹ́ tó dé lánàá.

Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Yaba, nílùú Oǹdó, ọdún kẹsàn-án rèé. Èròńgbà wa wà lára ògiri ọ́fíìsì, àwọn ọmọ sì ń kà á lórí ìlà láràárọ̀. Síbẹ̀ olùkọ́ mẹ́ta ló lọ láàárín ọdún kan, àwọn tó kù sì ń ṣe é bí iṣẹ́ ìjọba tí a kì í ṣe làágùn. Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́? — Ìyá ilé-ìwé, Oǹdó

Mà, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Lọ́la, ẹ pe olùkọ́ méjì àti ẹni tó ń gbálẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè pé kí ni ilé-ìwé yìí wà fún. Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára mu, ògiri nìkan ló mọ èròńgbà yín.

Ohun tó sábà máa ń wà lára ògiri ni "láti tọ́ àwọn ọmọ di aṣáájú rere lọ́la". Ta ni yóò bá yín jiyàn? Àbùkù rẹ̀ gan-an nìyẹn. Olùkọ́ kò lè fi mọ ohun tí yóò ṣe láago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ gbìyànjú irú èyí: "Kò sí ọmọ tó máa kúrò ní Pírámárì Kejì níbí láìlè dá ìwé kà, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì." Ẹ̀yin lè yan ti ìṣirò tàbí ti ìwà, a kò bá yín yàn án. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ojú lè rí bóyá ó ṣẹ tàbí kò ṣẹ.

Iṣẹ́ yín gẹ́gẹ́ bí olórí yóò wá yí padà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ márùn-ún láti Pírámárì Kejì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún ọmọ náà ní ìpínrọ̀ tí kò kà rí, nǹkan bí ọgọ́ta ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ bo àwòrán tó wà lójú ewé. Kó kà á fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó fò àti èyí tó ṣì kà, kẹ́ ẹ wá bi í ní ìbéèrè méjì nípa ohun tó kà. Ọmọ tó ń wojú yín dípò ìwé, àkọ́sórí ló ń kà. Ọmọ tó ka gbogbo rẹ̀ geere tí kò lè dáhùn ìbéèrè, ohùn ló ní, kò tíì ní òye. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjìlá ní sáà kan, ọgọ́ta ọmọ nìyẹn. Bí àwọn olùkọ́ bá rí yín níbẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́rin tẹ̀ léra, wọn ò ní í bi yín mọ́ pé kí ló ṣe pàtàkì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí owó àti ènìyàn ń lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, olùkọ́ tó mọṣẹ́ jù ni wọ́n ń fún ní Pírámárì Karùn-ún, nítorí ìdánwò àtiwọlé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n sì ń fún ní kíláàsì àwọn kéékèèké. Bí èròńgbà yín bá jẹ́ ìwé kíkà, òdìkejì lẹ máa ṣe. Gáùn àti fìlà ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ńkọ́? Owó yẹn lè ra ìwé kíkà tí ọmọ méjì méjì á máa pín. Àwọn òbí kan yóò bínú. Ẹ pè wọ́n jókòó, kẹ́ ẹ fi ìwé ọjọ́ Ajé yẹn hàn wọ́n.

Ẹ má sì rò pé èròńgbà tó dára lè dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955, gbólóhùn wọn kedere: gbogbo ọmọ. Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó di gómìnà tí ìlú kọ́kọ́ dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979, wà lára àwọn tó gbé ìlànà ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀. Àwọn ọmọ tó ya wọ ilé-ìwé lọ́dún yẹn lé ní 800,000. Èròńgbà náà ló sọ ibi tí owó ìlú máa gbà. Àmọ́ àwọn olùkọ́ tó ti kọ́ṣẹ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ tó dé, ọ̀pọ̀ kíláàsì ló sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tíì kọ́ iṣẹ́ náà. Nítorí náà, mà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí olùkọ́ kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ẹ kọ́kọ́ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ nínú ìsinmi láti kọ́ olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kẹ́ ẹ sì sanwó ọjọ́ méjèèjì.

Mo ń ra kókó ní Ilé-Olújì. Ọmọkùnrin mẹ́fà ló ń bá mi wọ abúlé. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún wọn pé kókó tó dára ni orúkọ wa, síbẹ̀ èyí tí kò gbẹ ni wọ́n ń kó dé. Iye àpò ni mo fi ń san owó wọn. Ṣé kí n lé wọn ni? — Oníkókó, Ilé-Olújì

Ẹ má lé wọn, sà. Ẹnu yín ń sọ pé kókó tó dára, owó yín ń sọ pé àpò tó pọ̀. Ohùn owó ni ọmọ iṣẹ́ ń gbọ́.

Ohun tó ṣe báńkì ńlá kan ní Amẹ́ríkà nìyẹn, Wells Fargo. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là lé e, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ṣí àkáǹtì tó lè tó mílíọ̀nù méjì fún àwọn oníbàárà tí kò bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Nǹkan bí 5,300 òṣìṣẹ́ ló ti pàdánù iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ire oníbàárà ni báńkì ń kọ sínú ìwé, àmọ́ iye àkáǹtì ni ọ̀gá ń béèrè lójoojúmọ́.

Ẹ fún àwọn ọmọkùnrin yín ní gbólóhùn tí wọ́n lè gbé wọ abúlé: "Àpò tó bá ní orúkọ wa lára, ẹnikẹ́ni lè là á wò." Ẹ wá máa là á wò lójú wọn. Ẹ ka ọ̀ọ́dúnrún hóró jáde láti inú àwọn àpò náà, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì ní ìdúró, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sójú pátákó. Hóró tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò dáadáa kí wọ́n tó sá a yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú, yóò sì sán wẹ́wẹ́. Èyí tí wọn kò bò pẹ́ yóò rí bíi síléètì, yóò dì gbagidi. Ẹ ka àwọn tó bu, àwọn tó rí bíi síléètì, àti àwọn tí kòkòrò jẹ tàbí tó ti hù. Fún gírédì kìíní, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn hóró mẹ́sàn-án nínú ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbé àpò wá fọwọ́ ara rẹ̀ kà á.

Ti ọ̀rinrin, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni kó má kọjá. Bó bá kọjá 8, ó fẹ́ bu nìyẹn. Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún wọn lójú sìkéèlì: àpò kílò 62.5 tó ní ìdá 12 ọ̀rinrin yóò pàdánù kílò mẹ́ta àti díẹ̀ kó tó gbẹ dé 7.5. Lórí àpò mẹ́rìndínlógún, tó jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, ó súnmọ́ kílò 49. Omi lẹ fi owó kókó rà.

Ẹ wá tún owó pín. Ẹ yọ owó ọkọ̀ kúrò lára owó àpò, kẹ́ ẹ máa san án lójoojúmọ́, torí ẹni tí owó ọkọ̀ rẹ̀ wà lára àpò kò lè padà lọ́wọ́ òfo láéláé. Ẹ san ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí àpò bá dé, kẹ́ ẹ san ìdajì tó kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá là á wò. Lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àpò yóò dín kù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olórí ti máa ń sá padà sẹ́yìn, tí wọ́n á ní kí wọ́n ṣì máa gbà á bẹ́ẹ̀ ná. Bẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tún sọ̀rọ̀ orúkọ rere mọ́.

Ẹ rántí àgbẹ̀ náà. Ó mọ̀ pé ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ló yẹ kí kókó fi wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó máa yí i lọ́jọ́ méjì méjì, kó tó wá sá a bí ọ̀sẹ̀ kan lórí ẹní tó ga kúrò nílẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ ló dé tó fi tà á ní tútù. Bẹ́ ẹ bá kàn kọ̀ ọ́, ẹlòmíràn yóò rà á kẹ́ ẹ tó dé títì. Ẹ san ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ yá a ní ẹní ìsákókó, kẹ́ ẹ padà wá wọ̀n ọ́n. Ẹ kìlọ̀ fún un nípa sísá kókó sójú títì ọlọ́dà àti gbígbẹ ẹ lórí èéfín igi, torí òórùn méjèèjì kì í kúrò lára kókó mọ́.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá wa máa ń kó wa jọ, tí yóò máa sọ̀rọ̀ èròńgbà ilé-iṣẹ́. Owó oṣù méjì rèé tí kò tíì san. Ṣé èmi ni mi ò ní ẹ̀mí iṣẹ́ ni? — Òṣìṣẹ́, Alágbàkà, Àkúrẹ́

Rárá o. Owó oṣù gbèsè ni, èròńgbà kì í san gbèsè. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà gan-an kò fẹ́ kí owó òṣìṣẹ́ kọjá oṣù kan láìsan. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ para pọ̀ kọ lẹ́tà kúkúrú sí ọ̀gá yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ bi í ní nǹkan méjì péré: ọjọ́ wo ni owó máa jáde, èló ni yóò sì kọ́kọ́ san bí kò bá lè san gbogbo rẹ̀? Ẹ pa ẹ̀dà kan mọ́. Ọ̀gá tó fẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́ yóò ṣí ìwé owó fún wọn, yóò sì fi owó oṣù tirẹ̀ sẹ́yìn tiwọn. Bí lẹ́tà bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì láìsí ọjọ́ kankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀rí ọkàn yín kò sì gbọ́dọ̀ dá yín lẹ́bi.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni àwa onílé àdúgbò wa dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí tiransifọ́mà. A ti rà á, iná ti dé. Síbẹ̀ à ń dá owó oṣooṣù, ìjà sì pọ̀ ju ìgbà tí kò sí iná lọ. — Alága ẹgbẹ́ onílé, ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́

Sà, iṣẹ́ tẹ́ ẹ torí ẹ̀ péjọ ti parí, kò sì sẹ́ni tó kéde rẹ̀. Ohun tó fa ìjà nìyẹn. Nígbà tí tiransifọ́mà ṣì wà níwájú, ẹni tó bá jẹ gbèsè mọ ohun tó ń dí lọ́wọ́. Ní báyìí, kálukú ló ní ohun tó rò pé owó náà wà fún.

Ó ṣe àwọn tó tóbi jù yín lọ. Ní oṣù Karùn-ún 1961, Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n gbé ènìyàn dé orí òṣùpá kí ẹ̀wádún náà tó parí, kí wọ́n sì gbé e padà láyọ̀. Oṣù Keje 1969 ni wọ́n dé ibẹ̀. Gbàrà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ìtara ìlú rọlẹ̀; wọ́n wọ́gi lé ìrìnàjò mẹ́ta tó yẹ kó tẹ̀ lé e, èyí tó gbẹ̀yìn sì lọ ní oṣù Kejìlá 1972.

Ẹ dá owó oṣooṣù dúró fún oṣù méjì. Láàárín ìgbà yẹn, kí akápò ka gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde láti ọjọ́ kìíní, kí ẹni méjì tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Ẹ wá pe ìpàdé gbogbogbò, kẹ́ ẹ kéde pé iṣẹ́ tiransifọ́mà ti parí, kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó sáré kiri. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ mìíràn wà. Bó bá wà, ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ mú, gọ́tà tàbí ọlọ́dẹ, kó ní iye owó, kó ní ọjọ́ tí yóò parí, kí ilé kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ sí i. Bí àwọn ilé tó fọwọ́ sí i kò bá tó ìdajì, ẹ yọ owó tẹ́ ẹ máa fi tún ọgbà tiransifọ́mà ṣe sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ pín èyí tó kù padà gẹ́gẹ́ bí kálukú ṣe dá a, pẹ̀lú rìsíìtì.